Orúkọ Mẹ́ta Lábẹ́ Gánà

Èmi ni mo kọ orúkọ wọn. Kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ yọ́ ọ̀rọ̀ náà kọjá. Orúkọ mẹ́ta ni. Mo fi yíǹkì pupa kọ wọ́n gàdàgbà sára páálí, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló sì gbẹ̀yìn. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára nígbà náà. Àwọn tíṣà mi a máa ní, ọmọ yìí, bí ẹ̀rọ ló ṣe ń kọ̀wé. Ohun tí wọ́n fi ń yin èèyàn náà ló máa ń kó bá a nígbà mìíràn.

Kùmásì ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, àmọ́ ọmọ bíbí Ṣakí ni bàbá wa, ọmọ Ṣakí náà ni ìyá wa. Nígbà tí ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi kúrò, bàbá mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú ọjà nínú, ó kó wa sí lọ́rì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ẹ̀gbọ́n mi ti di géńdé. A dé agboolé tí a kò rí rí, wọ́n kí wa káàbọ̀, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n pa ewúrẹ́. Kò pé oṣù mẹ́ta tí a fi di ará Gánà. Ọmọ ará Gánà, kúrò nídìí ẹ̀rọ omi. Ará Gánà, bá mi wo rédíò yìí. Kò sẹ́ni tó ní i lọ́kàn láti bú wa o, eré ni wọ́n pè é. Bàbá mi kú kí ọdún kejì tó pé, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta kẹ́ńkè, ẹ̀kọ líle àwọn ará Gánà, lójú ọ̀nà ọjà, eré náà sì lẹ̀ mọ́ wa lára.

Ẹ̀gbọ́n mi ń tún rédíò ṣe. Orí rẹ̀ pé, ó sì le bí òkúta. Bọ̀dá ni mo ń pè é, nítorí ní ilé wa, àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ. Ìyá mi náà kò fẹnu kan orúkọ àkọ́bí rẹ̀ rí. "Ọkọ mi" ló ń pè é. Àwọn ará agboolé ní tiwọn, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń pè é.

Bí Nàìjíríà àti Gánà bá ń gbá bọ́ọ̀lù, Bọ̀dá a gbé rédíò síta, a sì máa pariwo fún Gánà láìwojú ẹnikẹ́ni. Ó ń bí mi nínú. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Bọ̀dá, ṣé àwọn tó lé wa dànù lẹ̀ ń pariwo fún?"

Kò gbójú sókè níbi tó ti ń jó òjé mọ́ wáyà rédíò. Ó ní, "Wọ́n lé mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lé mi, orúkọ mi ni wọ́n ń pè mí."

Mo pòṣé, mo kọjá lọ. Kí ni mo mọ̀?

Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí àwọn ṣọ́jà tún padà gbàjọba ni ọkùnrin kan ládùúgbò wa ti Jámánì dé. Ọmọ ìlú ni, àmọ́ ó ti pẹ́ lọ́hùn-ún débi pé ó ń fi ṣíbí jẹ iṣu. Ará Jámánì la ń pe òun náà, ó sì dùn mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé kó padà sí Jámánì. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n kan dé, ó gbé e sójú fèrèsé, ó kọjú rẹ̀ síta sí ojúde. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ní bọ́tìnnì méjì téèyàn ń yí bíi ti rédíò. Bí o bá yí tìrẹ, igi funfun kan a gòkè, a sọ̀kalẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹnìkejì rẹ náà ń yí tirẹ̀. Ẹyọ funfun kan bíi bọ́ọ̀lù á wá máa fò láàárín yín, kó! kó! kó! Bó bá gba ẹ̀yìn rẹ jáde, ẹnìkejì rẹ jẹ ayò kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló borí. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo rí àgbàlagbà tó ti Mẹ́kà dé tó ń kánjú kírun Àsárì kó lè ráàyè níwájú.

Àdúgbò ló kọ́kọ́ ń bá àdúgbò díje, Bọ̀dá sì na gbogbo wọn. Ọwọ́ tó ti ń yí bọ́tìnnì rédíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ta ni yóò bá a yí i? Inú àwọn èèyàn kò dùn sí i mọ́. Ará Jámánì fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá. Ó ní, "Ará Gánà yìí fẹ́ dójú tì wá nínú ilé wa. Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ ọ́ di Nàìjíríà àti Gánà. Ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́ta." Gbogbo ojúde hó yèè.

Àsìkò náà kò rọgbọ. Owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, wọn kò rí owó oṣù san fún àwọn òṣìṣẹ́, ẹnu àwọn èèyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí sọ́dọ̀ àwọn ará Gánà. Àwọn ló gba iṣẹ́ tíṣà. Àwọn ló gba iṣẹ́ bíríkìlà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ayé ìgbà náà, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ará Jámánì wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun kọ páálí tí wọn yóò kàn mọ́ ògiri. Nàìjíríà lápá ọ̀tún, Gánà lápá òsì. Orúkọ, iṣẹ́, àti agboolé tí oníkálùkù ń gbé, kí ìlú lè mọ ẹni tí wọ́n ń pariwo fún. Nítorí mo gbọ́ èdè Ásántè, èmi ni mo lọ bá àwọn ará Gánà. Tíṣà ìṣirò kan gbà, àmọ́ ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Kí ni ibi tí mò ń gbé fẹ́ ṣe lórí páálí?"

Mo ní, "Eré ni, sà."

Ó wò mí títí. Ó ní kò burú. Ọkùnrin kan tó ń ṣe bàtà ṣe ẹnìkejì. Ẹnìkẹta ló wọ́n wa, àwọn yòókù ní àwọn ò ṣe. Bọ̀dá ní, "Kọ mí síbẹ̀."

Mo dá ọwọ́ dúró. "Bọ̀dá, ẹ̀yin kì í ṣe ará Gánà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ nílùú yìí, yàtọ̀ sí ìwọ? Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Kí n má purọ́, inú mi dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo fẹ́ kó nà wọ́n. Ọdún mẹ́tàlá "ará Gánà, ará Gánà" wà lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ kí ojú tì wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré. Mo tún kọ orúkọ rẹ̀ tóbi ju ti àwọn yòókù lọ.

Lọ́jọ́ ìdíje, ojúde kún débi pé àwọn èèyàn gun orí igi máńgòrò. Àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun wà káàkiri. Baálé agboolé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, gbé àga wá síwájú. Mo retí pé kó jókòó sí apá ọ̀dọ̀ Bọ̀dá. Apá Nàìjíríà ló gbé àga rẹ̀ sí.

Tíṣà ló kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n jẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó jẹ méjì. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bó ṣe ń dìde, ó rọra fi Ásántè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Jẹ́ kí wọ́n gbà á. Mo bẹ̀ ọ́." Oníbàtà ní tirẹ̀ ò gbọ́ ìyẹn, ó na ẹni tí wọ́n fi síwájú rẹ̀. Ó wá ku Bọ̀dá àti Ará Jámánì.

Kó! kó! kó! Nígbà tó di mẹ́wàá sí mẹ́wàá, orin tí wọ́n ń kọ yí padà. Kì í ṣe orin ìdíje mọ́, orin "ẹ máa lọ" ni. Ẹnì kan ju òkúta, ó bà lórí páànù, gbàù! Bọ̀dá kò wẹ̀yìn. Mẹ́rìnlá sí mẹ́rìnlá. Ẹ̀rù ti ń bà mí, síbẹ̀ mi ò mọ ìgbà tí mo figbe ta lédè Ásántè: mo ń ké sí i pé kó parí ẹ̀! Obìnrin tó dúró tì mí, tí a jọ ń pọn omi, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì yẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹyọ funfun náà gba ẹ̀yìn Ará Jámánì jáde.

Bọ̀dá dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kígbe, "Gánà!" Òun nìkan ló kígbe. Baálé dìde, ó ní kí wọ́n bá òun gbé àga. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kíni, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ̀. Wọn ò ní pẹ́ lọ sílé wọn."

Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọdún tuntun ti wọlé, ọyẹ́ mú gan-an, nígbà tí rédíò sọ pé kí àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Rédíò oníbàárà kan tí Bọ̀dá ń tún ṣe ló ti gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì náà mà nìyẹn." Ẹ̀rín yẹn kò bá mi lára mu.

Tíṣà ti lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Oníbàtà tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni mo rántí páálí. Mo sáré dé ilé Ará Jámánì kí n lè yọ ọ́ lára ògiri. Ìṣó mẹ́rin ni mo bá. Ó ní, "Àwọn ọ̀dọ́ kan wá yá a." Kò tilẹ̀ lè wò mí lójú. Mo dé ilé, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn sọ fún Bọ̀dá pé kó lọ sí Ìsẹ́yìn fún ọjọ́ díẹ̀, ó bi mí pé kí lòun fẹ́ lọ ṣe ní Ìsẹ́yìn.

Ìyá mi ti lọ ra àgbàdo ní Tẹ̀dé láàárọ̀ tí wọ́n dé. Ọkùnrin mẹ́ta ni, gbogbo wọn la mọ̀, wọ́n kí Baálé tìtẹríba-tìtẹríba. Wọ́n ní àwọn wá mú ará Gánà tó wà níbí, lọ́rì wà níta.

Baálé ní, "Ará Gánà wo? Ọmọ àbúrò mi nìyẹn. Ẹ lọ!"

Ọkùnrin tó mú páálí dání ní, "Kò burú, bàbá. Bó bá jẹ́ ọmọ yín, ẹ kàn pe orúkọ rẹ̀ fún wa."

"Orúkọ rẹ̀ kẹ̀?" Baálé yanu. Ó yí ojú sí Bọ̀dá. Ó tún yanu.

Háà! Ọdún mẹ́tàlá. Nínú agboolé kan náà. Mo rí i bó ṣe ń wá orúkọ náà kiri nínú orí rẹ̀, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀ nínú ọyẹ́. Bọ̀dá ti dìde. Ó rọra ní, "Bàbá, orúkọ mi nìkan ni wọ́n ní kẹ́ ẹ pè."

Baálé wò mí pé kí n gba òun. Orúkọ náà wà lẹ́nu mi. Ọlọ́hun ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò pè é rí láyé mi, mo sì dúró níbẹ̀ bí ère, tí ìwà tí wọ́n fi tọ́ mi di mí lẹ́nu. Mo lè kọ ọ́. Mi ò lè pè é.

Ọkùnrin náà bá ṣí páálí, ó sì ka orúkọ ẹ̀gbọ́n mi jáde ketekete, tòun ti orúkọ bàbá wa. Yíǹkì pupa yẹn ò ṣá rárá.

Bọ̀dá ní, "Èmi nìyẹn."

Ó wọlé, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ jáde. Baálé wá ń kígbe ní báyìí, "Ọmọ wa ni! Ọmọ wa ni!" ó ń di aṣọ Bọ̀dá mú. Bọ̀dá yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó sọ fún mi pé kí n tọ́jú Màámi. Kò sẹ́ni tó tì í; òun fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rẹ̀ gun lọ́rì. Mo sáré tẹ̀ lé wọn títí lọ́rì fi kó sínú eruku. A kò gbúròó rẹ̀ títí dòní, a ò mọ̀ bó dé Kùmásì tàbí kò dé.

Ìyá mi dé lọ́sàn-án. Wọ́n ti sọ fún un lójú ọ̀nà, orí rẹ̀ ò ní gèlè. Páálí wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n jù ú sí. Kò mọ̀wé. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n kà á. Mo ka ti tíṣà, mo ka ti oníbàtà, nígbà tí mo dé ẹ̀kẹta, mo ní, "Bọ̀dá."

"Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Màámi."

Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Ọlọ́hun, ọwọ́ tó kọ orúkọ ọmọ mi síbí yìí, má jẹ́ kó gbọ́mọ pọ̀n láyé rẹ̀." Ó yíjú sí mi, nítorí kò sí ẹlòmíì níbẹ̀ tí yóò bá a gbe àdúrà náà lẹ́sẹ̀.

Mo ní, "Àmín."