Fíìmù Jámánì àti Ìbò Tí Wọ́n Kà Mọ́ Màmá Ṣadé

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń béèrè ìdí tí ẹgbẹ́ àwa ará ilé nílùú òyìnbó yìí fi ń fi bébà dìbò, ìgbà òtútù kan ló fà á, kò tíì pẹ́ púpọ̀, nínú gbọ̀ngàn tí a háyà ní Conyers.

Bọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, fẹ́ díje fún ipò akọ̀wé. Ó ṣèèṣì lóyún, kò sì sí ọkọ nílé. Ni Alága bá ní ká dìbò bóyá ká yọ orúkọ rẹ̀.

Mo rántí fíìmù Jámánì kan tí a wò ní yunifásítì, ọ̀kan lára àwọn fíìmù àkọ́kọ́ tó ní ohùn. Ohùn inú rẹ̀ há bíi ti rédíò àtijọ́. Ọmọbìnrin kan lóyún nígbà tí kò síṣẹ́. Gbogbo ilẹ̀kùn tó kàn ni wọ́n tì mọ́ ọn. Nígbà náà, àwa ọmọ yúníọ̀nù akẹ́kọ̀ọ́ fi fíìmù yẹn han gbogbo ilé-ìwé nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n lé torí oyún. A kọrin, a dí géètì, wọ́n gbà á padà. A ṣì lágbára nígbà yẹn. Mo rò pé yóò tún ṣiṣẹ́.

Ṣáájú ìdìbò, mo ta aṣọ funfun sára ògiri, mo sì fi fíìmù náà hàn lórí rẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń fi ìwọ̀nba èdè Jámánì tí mo ṣì rántí láti yunifásítì túmọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ti ń túmọ̀ ìwàásù. Nígbà tí dókítà inú fíìmù mirí sí ọmọbìnrin náà pé òun ò lè ràn án lọ́wọ́, Màmá Ṣadé, àgbà wa jùlọ, pòṣé.

"Dókítà, ṣé ìwọ ò lọ́mọ nílé ni?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bọ́lá náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé a ti borí.

Bí iná ṣe tàn, Alága ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ká yọ ọ́, kó dìde."

Àwọn díẹ̀ dìde. Màmá Ṣadé náà fọwọ́ ti ọ̀pá rẹ̀, ó fẹ́ dìde bá Alága wí. Orúnkún rẹ̀ ò gbà. Àwọn obìnrin tó yí i ká sì dìde láti gbé e ró. Ta ni yóò jókòó máa wo ìyá? Alága ń kà wọ́n lọ.

Mo pariwo: "Alága, Màmá ni wọ́n ń dì mú o!"

Alága dá mi lóhùn: "Uncle, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé wọn ò dìde ni?"

Màmá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi lo kà mọ́ wọn? Ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ!"

"Ẹ má bínú, Ma. Mo ti kà á tán."

Bí wọ́n ṣe yọ orúkọ Bọ́lá nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó wakọ̀ lọ sílé ní Dacula.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Alága ní ká dìde fún àdúrà. Màmá Ṣadé jókòó. Gbogbo obìnrin jókòó. Èmi náà jókòó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ní gbogbo ìpàdé, títí Alága fi gbà ká máa fi bébà dìbò.

Ohun tí a rí gbà nìyẹn. Bọ́lá ò padà wá. Mo gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ti ń rìn. Ẹgbẹ́ ò tíì lọ bẹ̀ ẹ́. Màmá ní òun ṣe tán láti lọ, ṣùgbọ́n ojú tèmi ò gba wíwakọ̀ lórí highway mọ́. Nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ta ni yóò wà wá lọ sí Dacula?