Ọfà Tí Anselme Kùn Kọjá Oríta

Bí ẹ bá ń gba àwọn ọ̀nà kéékèèké tó wà lẹ́yìn ìlú Roquebelle kọjá, tí ẹ bá bàbá kan tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, tó lóṣòó sáàárín títì, tó ń fi ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn kun ọfà sílẹ̀, ẹ má fọn fèrè ọkọ̀ sí i. Kò ní dìde. Anselme Roucayrol ni. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tó ti ń kun ọfà fún ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wa, ẹni tó bá sì fọn fèrè sí i, èébú ni yóò fi dá a lóhùn.

Iṣẹ́ tó ṣe kó tó fẹ̀yìn tì ló kọ́ ọ ní ọ̀nà. Ọkọ̀ tó ń kó wàrà ló wà fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Àràárọ̀ ló ń ti oko dé oko, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ogójì màlúù dé ọ̀dọ̀ opó tó ní mẹ́rin péré, nítorí náà kò sí kọ̀rọ̀ kan lórí àwọn òkè wa tí kò mọ̀. Ó mọ ilé tí ajá ti ń lé èèyàn, ó mọ ibi tí omi tútù ti ń sun jáde lára àpáta, ó sì mọ títì tí èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ fún odindi wákàtí kan láìgbọ́ ìró mọ́tò. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé nìyẹn, ọ̀nà tó dákẹ́. Bí ẹnìkan bá dábàá títì ńlá ní ìpàdé, Anselme á bi í pé ṣé ìsìnkú ló fẹ́ kí a lọ ṣe ni.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹsàn-án, àwọn èèyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá wa gun kẹ̀kẹ́. Òfin kan ṣoṣo la ní. Ibi tí ọfà bá wà, tẹ̀lé e. Ibi tí ọfà kò bá sí, máa lọ tààrà. Gbogbo wọn ló ń parí sí orí òkè Malpas, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, níbi tí èmi Mauricette, opó alápatà, ti ń gé sọ́sééjì àti wàràkàṣì fún wọn, tí Anselme sì ń lu òǹtẹ̀ sórí káàdì wọn. Wọ́n ní ẹnu mi mú ju ọ̀bẹ mi lọ. N kò bá wọn jiyàn.

Malpas kì í ṣe òkè ọmọdé. Ó ga, ó sì gùn. Ṣùgbọ́n Anselme fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn àkọ́bí, ó sì ti tó ogún ọdún tí Odette ìyàwó rẹ̀ ti ń tẹ̀lé e gùn ún. Gbogbo ìlú ló mọ̀ wọ́n mọ́ ọn. Ẹni àádọ́rin ọdún àti díẹ̀ ni àwọn méjèèjì, a sì máa ń fi wọ́n bú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ̀lẹ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Anselme rí ọ̀nà tuntun kan tó dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó gba ẹ̀gbẹ́ abà Combes kọjá lọ sí Malpas. Ó lọ kun ọfà rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú fi máa mọ́, kùrukùru ti bo gbogbo òkè.

Àwọn tó yára dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ọ̀nà hàn wọ́n lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Thibaud, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní ìlú wa, na káàdì rẹ̀ sí Anselme.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ọfà ti abà Combes yẹn, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni? Ìgbà tí mo kọjá oríta, tí mo yí kọ́nà, ni mo tó rí i. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀rọ mi."

"Ẹ̀rọ yẹn ló ń fọ́ yín lójú. Ẹ gbójú sókè kí ẹ ríran!"

A rẹ́rìn-ín. Lójijì ni mo rí i pé Anselme kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lù ú.

"Kò sí ọfà kankan kó o tó dé oríta?"

"Kò sí, Bàbá."

Ibi tí ọfà kò bá sí, máa lọ tààrà. Tààrà láti abà Combes, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, ó lọ já sí odò. Afárá ibẹ̀ sì ti bá omi lọ láti ìgbà òjò ńlá ti oṣù karùn-ún. Okùn kan lásán ni wọ́n fi dí ọ̀nà náà. Àwọn tó kù lẹ́yìn jẹ́ méjìlá, àgbàlagbà tí kò lo ẹ̀rọ, tó jẹ́ pé ọfà nìkan ni wọ́n gbọ́kàn lé. Odette wà lára wọn, òun ló ń kó wọn bọ̀. Mo tẹ fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé.

"Mauricette, jẹ́ ká gbé ọkọ̀ rẹ."

"Ta ni yóò máa gé sọ́sééjì?"

"Mo bẹ̀ ọ́."

Láti ogójì ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò bẹ̀ mí rí. Mo fi ọ̀bẹ lé Thibaud lọ́wọ́.

A ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó lanu. "Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀," ó ní.

"Ẹ̀yìn kí ni?"

"Ẹ̀yìn Malpas. Mo gba ọ̀nà ọjà gun òkè, níbi tí kò ti le. Mo wá sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀, mò ń kun ọfà bọ̀ wálé. Oríta tí mo bá dé, ibi tí mo bá dúró ni mò ń kùn ún sí. Mo gbàgbé pé iwájú ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ti wá, pé wọ́n á ti kọjá oríta kí wọ́n tó rí i. Ní ibòmíì, wọ́n á rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Ní Combes, ògiri abà bò ó."

"Kí ló ṣe tó ò gun òkè bí o ṣe máa ń gùn ún?"

"Mi ò lè gùn ún mọ́. Láti oṣù kẹta. Bí mo bá ti dé ibi ọpọ́n omi àwọn àgùntàn, ẹsẹ̀ á kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti gbìyànjú."

"Ta lo sọ fún?"

"Ìwọ. Nísinsìnyí."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ dá ọkọ̀ dúró kí n lè ráyè bú u dáadáa. Nítorí ìtìjú ẹsẹ̀ méjì, èèyàn méjìlá wà nínú ewu! Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo gbé èébú náà mì. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ó sì ti bo ọkùnrin náà lójú tán.

A yà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ní Combes. Kùrukùru pọ̀ débi pé mi ò rí ju imú ọkọ̀ lọ. Ní kọ́nà kẹta, Anselme pariwo pé kí n dúró. Ìbọ̀wọ́ pupa kan wà nílẹ̀. Ti Odette ni. Ó mú un, ó fi mọ́ àyà. Mo ń wa ọkọ̀ lọ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin.

Ìgbà náà la gbọ́ ẹ̀rín.

Wọ́n jókòó sórí ògiri ẹ̀bá odò, gbogbo wọn, wọ́n to kẹ̀kẹ́ wọn ti igi, wọ́n ń jẹ àkàrà òyìnbó. Anselme fi ìka kà wọ́n. Ó tún wọn kà. Méjìlá ni wọ́n. Mo gbára lé ọkọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lóhùn rara, èmi tí mi ò kí I láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ mi.

"Ẹsẹ̀ la fi rìn ín," Odette ní. "Mo ní ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ wọnú kùrukùru yìí, màá gbá a létí." Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. "Anselme, o ṣeun o! Nígbà tí mo rí i pé ọ̀nà ń sọ̀ kalẹ̀, mo sọ fún wọn pé ọkọ mi ti rántí pé èmi kì í ṣe ewúrẹ́ tó ń gun òkè. Afárá nìkan ló gbàgbé."

Anselme lè dákẹ́ síbẹ̀. Ọpẹ́ ti délẹ̀, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ló sì mọ̀. Mo ń wò ó.

"Kì í ṣe àánú, Odette," ó ní. "Àṣìṣe ni." Ó sì rò ó fún gbogbo wọn, àtàjèjì àti ará ilé, láti orí dé ìdí, dé orí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Odette ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ibi ọpọ́n omi?"

"Ibẹ̀ ni."

"Ibẹ̀ náà ni mo ti máa ń ṣe bí ẹni pé ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi yọ."

Anselme la ẹnu. "Ṣéènì yẹn? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ rẹ̀!"

"Mo mọ̀. Bí o bá ti ń tún un ṣe ni mo máa ń rí èémí mí. Ogún ọdún, Anselme. Mi ò fẹ́ràn òkè yẹn rí."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ìwọ ńkọ́?"

Anselme jókòó tì í lórí ògiri, ó mí kanlẹ̀, bí alárù tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ṣé kò sí ọ̀nà kankan tó gba ẹ̀bá odò yìí ni?" Odette bi í.

"Ó wà. Ó gba ẹ̀yìn oko àwọn Bouschet, apá ibí náà ló wà, kò kan afárá. Kò sí mọ́tò ńbẹ̀, kò sí òkè. Mo máa ń gbà á pẹ̀lú ọkọ̀ wàrà."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀ ọ́n?"

"Kí n tó fẹ́ ọ."

"O ò sì mú mi débẹ̀ rí?"

"Mo rò pé o fẹ́ràn Malpas."

Odette rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Anselme náà sì ń nu ojú tirẹ̀. Mo ní kí wọ́n dìde, pé sọ́sééjì mi wà lọ́wọ́ olùkọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo rí wọn láti ojú fèrèsé mi. Ọ̀nà odò ni wọ́n gbà, Odette ló sì wà níwájú.