Orúkọ Tí Bàbá Àkànkẹ́ Fi Pamọ́

Ọmọ ìlú Kambolé ni Àkànkẹ́, ṣùgbọ́n àdúgbò Kouloundè nílùú Sokodé ló ti ń ránṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òyìnbó kan tó ń gbẹ́ kànga lágbègbè náà gbé aṣọ tó ya wá bá a. Dougal MacGregor lorúkọ rẹ̀, ará Scotland ni. Aṣọ náà nípọn, ó ní ilà pupa àti ilà àwọ̀ ewé, wọ́n sì ṣẹ́ ẹ po yípo ìdí. Àkànkẹ́ rò pé yẹ̀rì ìyàwó rẹ̀ ni. Dougal ní rárá, aṣọ ọkùnrin ni, bàbá bàbá òun ló ni ín.

Bí Àkànkẹ́ ṣe ń tú òwú àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, ọkùnrin náà ń fi Faransé ṣàlàyé pé nílẹ̀ àwọn, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ilà aṣọ tirẹ̀. Ó ní ọba kan fòfin de orúkọ MacGregor ní bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Wọ́n lè pa ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ. Làwọn èèyàn náà bá lọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé mìíràn, ìran bí ìran, kí òfin náà tó kúrò nílẹ̀.

Àkànkẹ́ bi í bí wọ́n ṣe wá ń dá ara wọn mọ̀.

“Inú ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ọmọ,” ni Dougal wí.

Ọwọ́ Àkànkẹ́ dúró lórí aṣọ. Ìyá bàbá rẹ̀ máa ń kì í nígbà tó bá ń wẹ̀ ẹ́ ní kékeré, pé ọmọ a-rodò-má-bọ̀-lófo. Lọ́jọ́ tí Àkànkẹ́ sọ ọ́ létí aládùúgbò, bàbá rẹ̀ gbá a lẹ́nu. Kò nà án rí ṣáájú ìgbà náà, kò sì tún nà án mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ takisí dé Tchamba, ó sì gun ọ̀kadà dé Kambolé. Ìdírísù bàbá rẹ̀ ń to iṣu. Àkànkẹ́ sọ ìtàn òyìnbó náà fún un, ó sì bi í léèrè oríkì yẹn.

Bàbá kọ́kọ́ bèèrè ta ló ti ń bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó. Ó ní wọ́n kó bàbá bàbá òun lẹ́rú lógun láti ìhà tó di Benin lónìí, ilé kan ní Kambolé sì rà á. Wọ́n fún un ní oko àti aya, wọ́n sì ní kó gbàgbé ilé tó ti wá, ilé tó ni oríkì yẹn.

“Orúkọ tí à ń jẹ́ yìí, tiwọn ni. Ilẹ̀ tí mò ń ro, tiwọn ni. Bí wọ́n bá gbọ́ pé a ṣì ń rántí, kí ni màá wí?”

Ọ̀rọ̀ ẹrú kọ́ ló mú ara Àkànkẹ́ tutù. Mùízù ni. Ọmọ ilé tó ra bàbá ńlá wọn yẹn ni Mùízù, ó sì ti fẹ́ fi Àkànkẹ́ ṣaya nígbà kan. Àwọn àgbà ní ọmọ ilé kan náà kì í fẹ́ra. Bàbá wà níjókòó lọ́jọ́ náà, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹkún ọjọ́ yẹn ló lé Àkànkẹ́ dé Sokodé. Mùízù sì gbé ẹlòmíràn níyàwó.

“Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ẹ̀jẹ̀ kankan ò pa wá pọ̀?”

Bàbá kò wo ojú rẹ̀. Ó ní òun mọ̀.

Wọ́n pe ìrun àsárì ìrọ̀lẹ́, Bàbá lọ kírun, nígbà tó padà dé, ó bá Àkànkẹ́ níbi tó fi í sí, tó di iṣu kan mú láìmọ̀. Bàbá jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í láìjẹ́ pé Àkànkẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó ń mú ibi tí ìyá àgbà kò kì rí jáde. Ìyá Àkànkẹ́ yọjú láti ilé ìdáná, ó yanu. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, etí rẹ̀ kò gbọ́ oríkì náà lẹ́nu ọkọ rẹ̀ rí.

Àkànkẹ́ kò dárí jì í lọ́jọ́ náà. Ó kàn ní kó tún un kì.

Kò tíì sọ fún Mùízù di òní pé ẹ̀jẹ̀ kankan ò pa àwọn pọ̀. Bí wọ́n bá pàdé lọ́jà Tchamba, “àbúrò mi” ni Mùízù ń pè é, Àkànkẹ́ sì ń dá a lóhùn.