Orin Páwà Tí Mo Fi Kọ́ Wọn

Fọlákẹ́ ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wá kanlẹ̀kùn mi ní Ìkìrun. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti ní àwọn máa gbà á, àmọ́ wọ́n ní àfi kó mú èsì ìṣirò wá kí ọdún tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíì ló máa gba àyè rẹ̀. Onídìrí ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkukù, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Tó bá tún fìdí rẹmi lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn.

"Ẹ káàsán mà. Bóyá lẹ máa rántí mi."

"Ta ló ní mi ò rántí ẹ? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo máa ń dirí fún ọ̀rẹ́ ẹ lẹ́bàá fèrèsé ní Inisa, tí mo bá ti kẹ̀yìn sí yín?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀ kí mi dáadáa kó tó jókòó.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Màmá Páwà làwọn ọmọ ilé ìwé ń pè mí. Páwà ni nọ́ńbà kékeré tó máa ń jókòó sórí x. Tí ẹ bá rí x³, x mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ ara wọn di púpọ̀. Inisa ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n gbé mi lọ sí Òkukù, wọ́n tún dá mi padà sí Ìkìrun nílé. Kí àwọn ọmọ má bàa gbàgbé òfin páwà, mo kọ orin fún wọn: "Bó bá jẹ́ táìmù, rò ó pọ̀! Bó bá jẹ́ dìfáìdì, yọ ọ́ kúrò!" Kíláàsì á máa mì tìtì. Nígbà kan, ọ̀gá wa mú àwọn àlejò wá láti ọ́fíìsì ìjọba kí wọ́n wá gbọ́ ọ. Ẹ ò rí i bí orí mi ṣe wú! Mo lérò pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kọ́ tó mi.

Mo fún Fọlákẹ́ ní 2x³ × 3x⁴. Kò pẹ́ rárá tó fi kọ 5x⁷.

Mo dá 5x⁷ yẹn mọ̀. Ní Inisa lọ́jọ́sí, mo ti rí i nínú ìwé ọmọ yìí kan náà. Mo fi bírò pupa kánsù ẹ̀ láti òkè délẹ̀, mo gbé ìwé sókè fún gbogbo kíláàsì, mo ní, "Ẹ wo ẹni tó lóun fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì! Aláìsàn tó bá bọ́ sọ́wọ́ eléyìí gbé!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi mú, mi ò ní í parọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò mọ ohun tó dì mí lẹ́nu. Bóyá àgbà ti ń dé.

"Fọlákẹ́, báwo lo ṣe ṣe é? Mi ò bínú o, ṣáà ṣàlàyé ẹ̀ fún mi."

"Ṣebí orin yín náà ni, mà." Ó fi bírò lu tábìlì, ó kọ orin náà jẹ́jẹ́. "Táìmù ló wà láàárín wọn. Mo ro 2 mọ́ 3, ó di 5. Mo ro 3 mọ́ 4, ó di 7."

Háà! Mo gbé! Páwà nìkan ni mo kọ orin yẹn fún, àmọ́ mi ò sọ bẹ́ẹ̀ nínú orin. Ọmọ yìí ṣe ohun tí mo ní kó ṣe gẹ́lẹ́, mo wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rántí gbogbo 5x⁷ tí mo ti kánsù, tí mo pe àwọn tó kọ ọ́ lólódo. Ojú tì mí.

"Fọlákẹ́, dákun, má bínú. Èmi ni mo ṣì ẹ́ lọ́nà."

Ló bá kúnlẹ̀. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mà, ìyá wa lẹ jẹ́."

"Dìde jàre! Èmi ni mo jẹ̀bi, ìwọ lò ń kúnlẹ̀." Mo fa ìwé sọ́dọ̀. "Tí oníbàárà bá gbé irun àtijọ́ wá, kí lo kọ́kọ́ máa ń ṣe?"

"Màá tú u, mà."

"Ó dáa, tú èyí náà."

Ó rora kọ ọ́: 2 × x × x × x × 3 × x × x × x × x. Ó fi ìka ka x, ó jẹ́ méje. Ó wá tẹjú mọ́ 2 àti 3. "Àwọn wọ̀nyí ń sọ ara wọn di púpọ̀ ni… èjì lọ́nà mẹ́ta, ẹ̀fà! 6x⁷ ni, mà!" Ó lu tábìlì débi pé tíì mi dà nù. Ni omi bá bọ́ lójú rẹ̀.

"Láti ọjọ́ náà wá, mo ti rò pé ọpọlọ mi ni ò pé ni, mà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun.

Gbogbo Sátidé ló ń wọ bọ́ọ̀sì wá láti Òkukù. Ohun tí mo bá gbé fún un, títú ló ń tú u. Ó tú x⁸ ÷ x⁵, ó pa márùn-ún lókè, ó pa márùn-ún nísàlẹ̀, ó ku x³. Nígbà tí ìdánwò fi máa dé, ojú lásán ló fi ń tú u. Ó yege. Mo jó nínú yàrá mi lémi nìkan.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, àwọn tí mo kọ́ ní Inisa àti Òkukù wá kí mi nínú kíláàsì mi, àgbààgbà tó ti di bàbá ọlọ́mọ. Wọ́n dá orin mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́: "Bó bá jẹ́ táìmù, rò ó pọ̀!" Mo wo ẹ̀yìn. Fọlákẹ́ jókòó níbẹ̀ nínú aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì. Kò bá wọn kọ ọ́. Èmi ló ń wò.

Mo nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. 2x³ × 3x⁴, kí ló máa fún wa?"

Mẹkáníìkì kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun dìde fọhùn fatafata: "5x⁷ ni, mà!"

"Mo ti kánsù ẹ̀ nínú ìwé ẹ rí, àbí?"

"Ẹ kánsù ẹ̀ dáadáa, mà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìwé ò kàn mí."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Orin yẹn ò pé. Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ forí jì mí." Mo na ṣọ́ọ̀kì sí Fọlákẹ́, mo lọ jókòó ti mẹkáníìkì náà lórí bẹ́ǹṣì.

Fọlákẹ́ kọ ìṣirò náà sójú pátákó, ó yíjú sí wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kò sóhun tó ṣe ọpọlọ yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u ná."