Túúlu Tí Kì Í Ṣe Orí Nìkan

Èmi gan-an ni mo dá òfin yẹn lábàá. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí à ń ṣe ní àdúgbò Television, ní Kàdúná, mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì mọ́ nínú ìpàdé, torí pé àwọn ọmọ wa ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n Hausa ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ yóò dìde, yóò ki oríkì ilé wọn kó tó jókòó. Tíṣà ni mí, mo fẹ́ràn òfin. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo dìde láti sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé yẹn, mo sì rí i pé ìdajì ojú alága kò sí níbẹ̀. Mo ṣẹ́jú, kò padà. Ohun kan tó rí ṣákiṣàki bí eyín ayùn ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lápá ọ̀tún ibi tí mò ń wò, ó sì ń fẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìka ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí jíníjíní. Ó rìn díẹ̀díẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó dé ètè, ó dé ahọ́n. Mo fẹ́ ní kí wọ́n fún mi lómi. Mo mọ ohun tí mo fẹ́, ọ̀rọ̀ náà ni kò wá. Omi ti Hausa ló jáde lẹ́nu mi, "Ruwa."

Ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ìwọ lo ṣòfin o," alága wí. "Ó yá, a fẹ́ gbọ́ oríkì."

Oríkì tí ìyá mi fi ń jí mi láàárọ̀ ni mò ń wá, n kò rí ìlà kan ṣoṣo. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Mo ní nínú ara mi pé àjẹ́ ni, màmá àgbà kan ní Kàdúná ti gba Yorùbá lẹ́nu mi. Nígbà tí mo jókòó ni ẹ̀fọ́rí dé, ní apá kan, bí ẹni ń fi èékánná họ ọ́ láti inú. Mo sáré jáde lọ bì. Wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n ní mo lóyún.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ènìyàn ti di dókítà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní túúlu ni, ó fún omi ewé kan sí mi nímú, mo sín títí imú mi fi ṣẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta oògùn lẹ́bàá títì ní ibà ni, ó gún mi lábẹ́rẹ́ kulorokúínì, mo họra bí ẹni tí wọ́n da wèrèpè lé lórí. Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ Mùsùlùmí fi hàǹtú ránṣẹ́, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, mo mu ún. Mo sọ fún àwọn obìnrin ìjọ wa pé mò ń rí ìmọ́lẹ̀, inú wọn dùn. Wọ́n ní ìran ni. Wòlíì obìnrin kan jókòó tì mí, ó ń béèrè pé kí ni ìmọ́lẹ̀ náà wí. Mo ní kò wí nǹkan kan, orí ló fi ń fọ́ mi. Ó ní kí n tẹ́tí sí i dáadáa.

Inú bí mi. Kò sí ẹni tó bi mí pé ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí apá kan ara rẹ̀ kú, ọwọ́ tó ń ta jíníjíní ni wọ́n ní ó fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí nǹkan yìí bá dé, mo máa ń rò pé tèmi ti dé nìyẹn. Ìgbà tó bá dé gan-an ni ẹnu mi kì í lè sọ ọ́. Tó bá sì lọ, tí mo lè sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ṣebí ó ti lọ, ká dúpẹ́.

Iléèwé ní Barnawa ló tún ti bá mi, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi níwájú àwọn ọmọ. Ọ̀gá wa obìnrin kò bi ẹnikẹ́ni, ó gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó di ọsibítù.

Dókítà ọ̀hún kò tíì fọwọ́ kàn mí tó fi béèrè pé, "Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ló dé, àbí ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀?" Ẹkún gbọ̀n mí. Ó yẹ ojú mi wò, ó wọn ìfúnpá mi, ó ní kí n ti ọwọ́ òun, kí n rìn tààrà. Lẹ́yìn náà ló ní màìgíréènì ni, ohun tí à ń pè ní túúlu, kì í sì í ṣe orí nìkan ló ń mú. Ó lè kọ́kọ́ mú ojú, ọwọ́ àti ẹnu. Nígbà míràn, ẹ̀fọ́rí kò tiẹ̀ ní tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ló wá bínú sí mi. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kí n ti wá, torí rọpárọsẹ̀ lè wọ irú aṣọ kan náà, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ará ilé láti mọ èyí tó jẹ́. Ó ní kí n dá oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí mò ń lò dúró, kí wọ́n fún mi ní ọ̀nà míràn, torí oògùn náà àti irú túúlu mi lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Èyí tó bá dé lójijì bí ààrá, èyí tí kò jọ ti tẹ́lẹ̀, ọwọ́ tí kò bá bọ̀ sípò lẹ́yìn wákàtí kan, ibà tó bá mú ọrùn le, ó ní kí n má jókòó sílé.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Orúkọ àìsàn náà nìkan ló mú níbẹ̀. Ní sọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi ìpàdé, níbikíbi, "Màìgíréènì ni ìyàwó mi ń ní," bí ẹni ń ròyìn oyè.

Sáà ooru kan dé, ara mi gbóná, gbogbo orí ń fọ́ mi. Kò sí ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ kò ta mí. Mo fẹ́ tẹ orí ba kí n tún ìró mi ró, ọrùn kọ̀, ó le bí pákó. Ọkọ mi ti fa kọ́tìnì.

"Màìgíréènì ti dé," ó wí.

"Bàbá àwọn ọmọ, kì í ṣe òun. Ẹ wo ọrùn mi."

"Haba, ìyá àwọn ọmọ. Dókítà ti sọ ohun tó ń ṣe ọ́. Sùn."

"Dókítà yẹn náà ló ní tí ọrùn bá le..."

Ó fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń bẹ àwọn àlejò ní pálọ̀ pé kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀. Pẹ̀lẹ́ yẹn ló bí mi nínú jù.

Mo di ògiri mú, mo gba ẹ̀yìn ilé jáde, mo lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì nínú oòrùn Ungwan Romi, àdúgbò wa, pẹ̀lú ìró nìkan láyà. Àwọn ará àdúgbò ń kí mi ní pẹ̀lẹ́, "sannu, sannu," wọ́n ń bi ara wọn pé kí ni ọkọ mi fi mí ṣe. Ìgbà náà ni ọkọ mi sáré wá táksí. Ìtìjú ló gbé mi dé ọsibítù, kì í ṣe pé ó gbà mí gbọ́.

Yírùnyírùn ni, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau. Dókítà ọjọ́ náà bi í pé kí ló dé tí a ti wà nílé láti àárọ̀. Ó ní, "Màìgíréènì ló máa ń ní."

Mo yè é. Etí òsì mi kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ìgbà náà. Ọkọ mi sì ti yí padà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Láràárọ̀ kó tó lọ sí sọ́ọ̀bù, yóò wá bá mi lórí ibùsùn, níbi tí mo ti fi etí ọ̀tún lé ìrọ̀rí, láti béèrè bí orí ṣe ń ṣe mí. Apá òsì ló máa ń dúró sí. Mo ti sọ fún un pé etí yẹn kò gbọ́ràn, títí ó fi sú mi. Ẹnu rẹ̀ tó ń mì ni mo máa ń rí.