Àmì Aró Léjìká Ìyá Mi

Òórùn ẹyin ọ̀bu ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì mọ̀ pé bàbá mi ti wà nídìí oògùn fọ́tò rẹ̀. Àwọn ahunṣọ agbolé wa ní Ìsẹ́yìn ti ń kùn lórí òfì wọn pé onífọ́tò tún fẹ́ fi òórùn lé àwọn jáde. Bàbá a máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èkó ló ti kọ́ṣẹ́ náà, ó sì gbà pé kò sí iṣẹ́ tí kì í rùn, títí kan aró tí ìyá rẹ̀ ń pa lẹ́yìnkùlé, tí èmi náà máa ń bá a fún òwú rẹ̀.

Fọ́tò ìyá mi ló fẹ́ tún ṣe lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀, dígí tí àwòrán rẹ̀ wà lára, tí Bàbá fi tẹ fọ́tò náà, sì ti fọ́ lójú ọ̀nà Ṣakí. Ẹyọ kan ṣoṣo yìí ló kù, ó sì ti ń ṣá. Bàbá ní bí òun bá sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, kò ní ṣá mọ́. Ogun òyìnbó ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, oògùn tó kù nílẹ̀ kò sì ju ti ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìdí aró ni mo ti sáré wá wò ó, n kò tilẹ̀ ṣanwọ́. Fèrèsé yàrá òkùnkùn tó ti ń tẹ fọ́tò ṣí sílẹ̀, nítorí apá iṣẹ́ yìí kò kọ ìmọ́lẹ̀. Ó ri fọ́tò náà sínú àwo kìíní. Ojú ìyá mi kọ́kọ́ lọ, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ lé e, títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun báláú. Bí ó ti gbé e sínú omi tútù láti ṣàn án ni mo já a gbà.

"Bàbá, ẹ ti pa ìyá mi rẹ́."

N kò bínú sí i tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò nà mí. Ó lóṣòó níwájú mi, ó ní kí n fún òun, pé ìyá mi ò tíì lọ. Nígbà tí mo gbà, ó rì í sínú àwo kejì, èyí tó ń rùn bí ẹyin ọ̀bu. Kí n tó nu ojú mi tán, ìyá mi ti padà dé, ó pupa rúsúrúsú, ẹ̀rín rẹ̀ sì pé. Àmọ́ ìka mi tó kún fún aró ti fi àmì sí i léjìká. Mo bẹ Bàbá pé kí ó fọ̀ ọ́ kúrò. Ó wò ó pẹ́.

"Fi í sílẹ̀. Ìwọ náà ti fọwọ́ kan ìyá rẹ."

Fọ́tò náà wà nínú àpótí aṣọ mi dòní, kò sì ṣá. Mo ti dàgbà tó ẹni tó lè bí obìnrin inú fọ́tò náà lọ́mọ. Nígbà mìíràn mo máa ń gbé ìka mi lé àmì náà. Ìka mi ti wú ní oríkèé, ó ń bo àmì náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí mo bá gbé e kúrò, ọwọ́ ọmọdé tí mo jẹ́ nígbà náà ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì di ìyá rẹ̀ mú.