Ẹ̀gà àti Àfòpiná Orí Igi Òrí

Mo rántí ìgbà tí igi òrí kan ṣoṣo dúró láàárín oko ìyá àgbà mi ní Goro. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, bí oòrùn bá ń wọ̀, àfòpiná á máa yọ jáde láti inú ilẹ̀ ìdí igi náà, wọ́n á rọra fò lọ sókè, àwọn ẹ̀gà á sì máa kọrin lórí ẹ̀ka bí ẹni pé ilẹ̀ kò ní í ṣú. Ọmọ àwọn àfòpiná yìí ni kànní, kòkòrò tí ń jẹ ewé òrí, tí àwa náà ń sá gbẹ fún ọbẹ̀ iyán. Ìyá àgbà kì í jẹ́ ká ṣa ti ẹ̀ka òkè pátápátá. Wọ́n ní ti ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Lọ́dún tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, bàbá mi fẹ́ gé igi náà kí wọ́n lè gbin kajú. Ìyá àgbà kọ̀, nítorí ohun tó ń gbé lórí rẹ̀. Ni wọ́n bá pe èmi alákọ̀wé. Ọmọdé tó láṣọ bí àgbà ni mí nígbà náà, n kò tíì ní àkísà kankan. Mo ṣí ìwé tí olùkọ́ wa yá mi. Mo ní ẹ̀gà jẹ́ ẹyẹ akọrin, ó ní eegun àti ìyẹ́. Kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni àfòpiná, ẹbí labalábá. Mo ní ìwé sọ pé ẹ̀gà pọ̀ rẹpẹtẹ, kò sí ìbẹ̀rù pé yóò run.

“Àfòpiná tiwa ńkọ́?” ni ìyá àgbà bi mí.

Mo wá a títí, n kò rí i. “Kò sí nínú ìwé, màmá àgbà. Donc, ìyẹn ni pé ewu kò sí fún un.”

Ìyá àgbà ní kí wọ́n gé e bí ìwé bá ti wí bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí wọ́n gé igi náà.

Lónìí, àwọn ẹ̀gà ti kó lọ sórí igi máńgòrò nítòsí ojú irin ní Tchaourou, ariwo wọn kò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. N kò rí kànní lóko wa mọ́. Ẹyin lohùn, tèmi sì ti fọ́. Ìyá àgbà kò bá mi wí títí wọ́n fi kú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ohun tí kò sí nínú ìwé, àwọn tó kọ ìwé ni kò tíì ka iye rẹ̀. Obìnrin tó ń fi ẹ̀ka òkè sílẹ̀ nìkan ló ń kà á, èmi ni mo sì ní kí wọ́n má ṣàníyàn.